Àsọkágbá Dúró-Ná ní Ìlú Fetísílẹ̀

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ fi àpótí sílẹ̀ fún àwọn àgbà, kí ẹni tó bá fẹ́ húkọ́ sì tètè hú u tán. Òjò ti lé gbogbo wa kúrò lóko, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ń sáré lọ. Ọ̀yà tí mo yìnbọn lù lánàá ti jinná. Mo ti bù ú sínú àwo ńlá, mo gbé e sórí ìjókòó lábẹ́ òrùlé lẹ́yìnkùlé kí ó lè tutù díẹ̀. Bí mo bá ti parí ìtàn yìí, gbogbo wa la ó jọ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sùn lójú ìtàn mi, egungun ni yóò kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, èmi ni Ọdẹ́rántí. Èmi ni ẹkùn rí lọ́nà odò tó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi ẹkùn náà. Ìbọn mi kì í tàsé, bó bá sì ṣèèṣì tàsé, ojú á ti ẹran náà, á padà wá. Káríìmù, kí ló dé? Ìwọ tí o jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, o kò tíì gbóná síbẹ̀, o ti ń nawọ́ sókè. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, o fẹ́ sọ pé irọ́ ni mo ń pa. Iṣẹ́ télọ̀ ni tìrẹ, èmi kì í bá ọ dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Jókòó jẹ́ẹ́.

Orí àgbálùmọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, Ọdẹ́bùnmi, lóyún àkọ́bí rẹ̀, ó sì ní àgbálùmọ̀ ni òun fẹ́ jẹ. Àsìkò àgbálùmọ̀ kọ́ nìyẹn o. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti gbé pẹ̀lú aboyún mọ̀ pé wọn kì í bá a sọ̀rọ̀ àsìkò. Ọkọ rẹ̀, Ọ̀jẹ́làdé, kò jiyàn. Aláwàdà ni Ọ̀jẹ́làdé, ọmọ ilé ọ̀jẹ̀, ó lè mú kí ẹni tí eyín ń dùn rẹ́rìn-ín. Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó wọ Igbó Àìwọ̀, níbi tí gbogbo igi ti ń so nígbàkígbà tó bá wù wọ́n, tí àwọn iwin sì tẹ ìlú dó sí. Ó lọ, a kò rí i kó padà.

Ọdẹ́bùnmi wá bá mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn rẹ̀ dání. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá ọkọ mi. N kò fẹ́ àgbálùmọ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí dé ayé kó máa bi mí pé bàbá òun dà." Omi bọ́ lójú mi. Èmi tí ẹkùn ń sá fún, mo sunkún bí ọmọdé. Mo gbé ìbọn, mo gbé àdá, mo wọ Igbó Àìwọ̀.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dà yín láàmú. Igbó ni igbó. Ẹ̀gún gún mi, mo gún ẹ̀gún padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ibi tí iwin kan ti dínà mọ́ mi. Iwin yìí kò lójú, kò nímú, ẹnu ló fi ṣe gbogbo ara. Ẹnu wà níwájú orí rẹ̀, ẹnu wà ní àtẹ́lẹwọ́, ẹnu wà ní orúnkún, kékeré kan tún wà ní gìgísẹ̀ tó ń sín. Ẹlẹ́nu-Púpọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Etí kan ṣoṣo ló ní, kò tó ẹ̀wà. Ó ní ẹni tí kò bá dáhùn ìbéèrè òun, òun yóò jẹ ẹ́, òun kò sì ní fi iyọ̀ sí i.

Gbogbo ẹnu náà bá béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Ti iwájú orí ní kí ni mò ń wá. Ti ọwọ́ ọ̀tún ní kí ló ń wọ ilé ọba tí kì í kí ọba. Ti orúnkún ní ṣé mo ti jẹun. Ti gìgísẹ̀ ní ta ló ń tẹ òun mọ́lẹ̀ látàárọ̀. Ẹnìkan wo ni yóò dá gbogbo wọn lóhùn? Mo fò sókè, mo fi ẹnu sí etí bíńtín yẹn, mo ní, "Èwo nínú yín ni àgbà? Ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Áà! Mo dá ogun sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ti iwájú orí ní òun ni. Ti ọwọ́ ní òun ló ń bu oúnjẹ fún gbogbo wọn. Ti orúnkún ní àwọn tó wà lókè ń rí òun fín. Ni ọwọ́ bá gbá iwájú orí, ni orúnkún bá gé ọwọ́ jẹ, ni iwin bá ṣubú, ó ń yí nílẹ̀, ó ń jẹ ara rẹ̀. Mo rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò jọ pé wọ́n ti yanjú rẹ̀ di òní.

Káríìmù, o tún ti dìde? "Bàbá, ajá..." Ajá kò sí nínú ìtàn yìí, Káríìmù. N kò mú ajá lọ. Bí mo bá mú ajá lọ, ṣé n kò ní sọ? Ẹ dá a jókòó fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Ibi tí mo jáde sí ni Ìlú Fetísílẹ̀. Orúkọ yẹn dùn, àbí? Orúkọ lásán ni. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Mo dé ẹnu ibodè, mo ní, "Ẹ kú..." Oníbodè ní, "Ooo, a dúpẹ́." Kò dúró gbọ́ bóyá iṣẹ́ ni mo kí i tàbí ọ̀fọ̀. Mo ní, "Mò ń wá..." Ó ní, "Omi? Ó wà lọ́hùn-ún." Mo ní, "Rárá, ọkùnrin kan ni..." Ó ní, "Tó kú? Òun náà wà lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi."

Mo sáré dé gbàgede ọba. Ẹni tó kú wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí ẹní, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọ̀jẹ́làdé. Iwin àgbàlagbà kan ni, ó gùn, ojú rẹ̀ kó jọ bí ìgbà tí wọ́n fún aṣọ tútù. Ọ̀jẹ́làdé ni wọ́n dè mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ìda oyin dí lẹ́nu. Tẹ̀tú tí ń bẹ́ orí fún ọba jókòó tì í, ó ń pọ́n idà. Ọ̀jẹ́làdé rí mi, ojú rẹ̀ là. Mo yáa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n má baà mọ̀ pé àna mi ni. Bí wọ́n bá mọ̀, igi kejì wà níbẹ̀ tí kò tíì ní èrò.

Mo bi arúgbó obìnrin kan léèrè. Ó ní Olóyè Fajúro ni òkú náà, ẹ̀gbọ́n ọba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó máa fajú ro sí àwọn àlejò. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò rẹ́rìn-ín rí. Àlejò yìí kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, Olóyè ṣubú, kò mí mọ́. Nígbà tí wọ́n mú àlejò náà dé iwájú ọba, tí wọ́n bi í pé ta ló pa Olóyè, ó la ẹnu, ó ní, "Èmi ni mo pa á." Gbogbo ìlú hó, ni ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Mo ní, "Ṣé kò sọ nǹkan mìíràn?" Ìyá náà ní, "Kí ló tún kù tó fẹ́ sọ?"

Ṣé ẹ rí i, orí mi wú. Ọ̀jẹ́làdé kò lè pa eṣinṣin, àfi bí eṣinṣin náà bá bà lé iyán. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní òun pa á. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún Ọdẹ́bùnmi?

Òfin ìlú náà rí báyìí. Ẹlẹ́jọ́ a máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì fi ìda dí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni àwọn agbẹjọ́rò ọba, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi hàn pé ẹlẹ́jọ́ jẹ̀bi, yóò máa rojọ́. Nígbẹ̀yìn, ọ̀kan nínú wọn á dìde sọ àsọkágbá. Yóò tún ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́jọ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìyọ nǹkan kan kúrò, yóò sì sọ ìyà tó tọ́ sí i. Bó bá ti jókòó, ọba á dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí àsọkágbá, kò sí ìdájọ́. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ kí orí Ọ̀jẹ́làdé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn, nítorí àwọn agbẹjọ́rò ń jà lórí ta ni yóò sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ àsọkágbá ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n ọba, òun ni yóò di olórí gbogbo wọn.

Mẹ́ta ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ni Àrá-Ń-Sán, tó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, tó jẹ́ pé bó bá kí ọ káàárọ̀, etí rẹ á máa dún di ọ̀sán. Èkejì ni Oyinlẹ́nu, iwin arẹwà kan tí oyin ń kán ní ètè rẹ̀ lóòótọ́, tí àwọn oyin sì ń fò yí i ká. Ẹ̀kẹta ni Dúró-Ná. Iwin pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni, ó mú ọ̀pá dání, ọ̀rọ̀ sì máa ń há a lọ́rùn kó tó jáde. Gbogbo ìlú ló máa ń bá a parí ọ̀rọ̀. Bó bá ní, "M... m... mo fẹ́ i..." wọ́n á gbé iṣu fún un, ó sì lè jẹ́ iyọ̀ ló ń béèrè. Wọ́n ní láti kékeré ló ti ń jẹ ohun tí kò béèrè.

Ọba jáde. Ẹyẹ àkàlà kan ló fi ṣe adé, ààyè ni ẹyẹ náà wà, ó ń yán lórí ọba. Ọba rí mi, ó ní, "Ìwọ ọdẹ yìí, o kò ní ẹbí níbí, o kò mọ ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni yóò yan ẹni tó máa sọ àsọkágbá fún wa. Bí o bá yàn dáadáa, máa lọ ní àlàáfíà. Bí o bá ṣe ojúsàájú, tẹ̀tú wà níbẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Kábíyèsí, ẹ ti kàn án. N kò mọ ẹnikẹ́ni níbí." Ọ̀jẹ́làdé tó wà lára igi yí ojú sókè.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọ̀daràn náà dáadáa. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo fajú ro kí tẹ̀tú má fura. Ọ̀jẹ́làdé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmì. Ó ń mi ikùn sókè sódò, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ dì pọ̀, omijé ń bọ́. Mo ní, "Inú ń run ọ́?" Ó mi orí pé rárá. Ó tún mi ikùn. Mo ní, "Òtútù ń mú ọ?" Ó fi ẹ̀yìn orí gbá igi. Mo káàánú rẹ̀ gan-an. Mo rò ó pé ìbẹ̀rù ti ba orí rẹ̀ jẹ́.

Mo padà síwájú ọba, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ní ewúrẹ́ kan jẹ iṣu oníṣu. Kí olúkúlùkù agbẹjọ́rò sọ àsọkágbá lórí ewúrẹ́ náà fún mi."

Àrá-Ń-Sán dìde. Ó ní, "EWÚRẸ́!" Ewé já lórí igi. Àwọn obìnrin tó pọnmi ń kọjá ju ìkòkò sílẹ̀. Ó ní, "EWÚRẸ́ BURÚKÚ!" Gbogbo ewúrẹ́ tó wà nílùú náà, àwọn tí kò jẹ iṣu ẹnikẹ́ni, já okùn, wọ́n sá wọgbó. Ó jókòó, ó nu ojú, inú rẹ̀ dùn.

Oyinlẹ́nu dìde. Kò pariwo o. Ó sọ bí wọ́n ṣe gbin iṣu náà, bó ṣe ń dágbà lábẹ́ ilẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà, bí àwọn iṣu ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń retí rẹ̀ nínú abà tí kò dé. Ẹkún gba gbàgede. Ọba ń sunkún, àkàlà orí rẹ̀ ń sunkún. Èmi náà ti yọ àdá, mo ń pariwo pé, "Ewúrẹ́ náà dà? Ẹ fi hàn mí!" Àfìgbà tí wọ́n dì mí mú ni mo rántí pé èmi ni mo dá ewúrẹ́ náà sílẹ̀ láti orí ara mi.

Ó kan Dúró-Ná. Ó dìde, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀. Ó ní, "K... kí... kí ni e... ewúrẹ́ náà wí?" Ó sì jókòó. Ìlú rẹ́rìn-ín títí, àwọn kan di ẹ̀gbẹ́ mú. Kí ni ewúrẹ́ wí! Àrá-Ń-Sán ní, "Ó ní mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe ń ronú lọ́wọ́, Dúró-Ná rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ọ... ọdẹ, m... mo fẹ́..." Mo ní, "Kí n yàn ọ́. Mo mọ̀." Ó ní, "R... rárá. M... mo gbọ́..." Mo ní, "O gbọ́ òkìkí mi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀." Ó ní, "Ọkùnrin y... yẹn, ó pa..." Mo ní, "Ó pa á, gbogbo ayé ti gbọ́." Ó mi orí, ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ó lọ. Mo rò ó nínú ara mi pé iwin yìí kò mọ̀rọ̀ sọ rárá, ó ṣe mí láàánú.

Bí Káríìmù yìí gan-an. Ẹ wò ó, ó tún ń tọ́ka sí ẹ̀yìn! Káríìmù, mo mọ̀ pé òjò ń rọ̀ sórí aṣọ tí o sá. Fi aṣọ sílẹ̀. Ẹ̀mí ènìyàn ni a wà lórí rẹ̀ níbí.

Ọkàn mi sọ fún mi pé, "Ọdẹ́rántí, bí o bá yan Àrá-Ń-Sán, orí ọkọ àbúrò rẹ á ti bọ́ kí ìró ohùn náà tó rọlẹ̀. Bí o bá yan Oyinlẹ́nu, ìwọ fúnra rẹ lo máa bẹ́ orí náà, o ó sì máa sunkún bí o ṣe ń bẹ́ ẹ. Yan ẹni tí kò ní tètè parí. Ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á sùn, wàá tú àna rẹ, ẹ ó jọ sá." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dìde, mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n, mo ní, "Kábíyèsí, Dúró-Ná ni mo yàn." Ìlú hó yèè. Oyinlẹ́nu dákú, ó rọra dákú. Ọba ní, "Ọdẹ, ṣé orí rẹ pé?" Mo ní ó pé. Ọba ní òun ti ní kí n yàn, òun kò lè yẹhùn.

Dúró-Ná dìde. Ó ní, "K... Kábíyèsí, ọ... ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́jọ́ nìyí. Ó ní, è... èmi ni mo p... pa á..."

Àrá-Ń-Sán fò sókè, ó ní, "Ó TÁN! Ó TI JẸ́WỌ́!" Tẹ̀tú gbé idà sókè. Ọba ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀." Èmi ti di ojú mi. Mo rí Ọdẹ́bùnmi níwájú mi tó gbé ikùn rẹ̀ dání.

Ni ọ̀pá bá ró gbàù lórí òkúta. Dúró-Ná ló fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. Oòrùn ń jó ojú rẹ̀, ó ń làágùn. Ó ní, "N... n kò tíì p... parí."

Wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ẹnu rẹ̀. Tẹ̀tú dá idà dúró lókè. Ó ní, "È... èmi ni mo pa á lẹ́... lẹ́..."

Ẹnìkan ké pé, "Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀!" Ó mi orí. Òmíràn ní, "Lẹ́bàá ọ̀nà!" Ó mi orí. Àwọn ará ẹ̀yìn ń ké, "Lẹ́yìn odi! Lẹ́yìn odi!" Ó ń mi orí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ ti la ẹnu, ó fẹ́ bá a parí rẹ̀, àmọ́ ó rí ojú Dúró-Ná, ó pa ẹnu dé. Ó nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ dákẹ́, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán." A dúró. Ẹ̀yin ará mi, a dúró. N kò tíì rí i kí gbogbo ìlú dúró de ẹnìkan bẹ́ẹ̀ rí, títí kan èmi.

"Lẹ́... lẹ́rìn-ín," ni Dúró-Ná wí. "Ó ní, è... èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín."

Ẹ gbà mí! Ó pa á lẹ́rìn-ín! Ọ̀jẹ́làdé bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí lára igi bí alángbá. Gbogbo ikùn tó ń mì láti àárọ̀, ẹ̀rín ló ń ṣe, èmi ni mo ní inú ń run ún! Ìlú Fetísílẹ̀ gbọ́ "mo pa á", wọ́n ti hó, ẹlẹ́jọ́ ń sọ ìyókù ọ̀rọ̀ lọ nínú ariwo títí wọ́n fi fi ìda dí i lẹ́nu. Dúró-Ná nìkan ló dúró gbọ́ ọ, nítorí ó mọ bó ti ń rí kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu.

Kò jókòó o. Òfin ní kó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní Olóyè Fajúro ló dá àlejò dúró lọ́nà, tó ní, "Fún mi ní ohun tí n kò ní rí, tí ìwọ ní, tí kò sì ní dín lọ́wọ́ rẹ bí o bá fún mi." Ọ̀jẹ́làdé ronú, ó wo ojú rẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Ó bá sọ ìtàn kan fún un. Dúró-Ná sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, díẹ̀díẹ̀.

Ó ní ọkùnrin kan lọ kí ìyá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbé iyán fún un, ojú ń tì í, ó jẹ òkèlè bíi mélòó kan, ó ní òun ti yó. Nígbà tí wọ́n jáde kí àlejò mìíràn, ebi gbé e dìde, ó yọ́ wọ ilé ìdáná, ó ki orí bọ ìkòkò ọbẹ̀ kí ó lè lá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orí wọlé, orí kò jáde mọ́. Ó dìde dúró pẹ̀lú ìkòkò lórí. Ẹ̀fọ́ ń já bọ́ sí èjìká rẹ̀. Ni ìyá ìyàwó wọlé. Ìyá ní, "Ta nìyẹn?" Ọkùnrin náà dáhùn láti inú ìkòkò, ó ní... ó n... ó n... ó n...

Mo ń wo òkú náà. Mo rí i tí ikùn rẹ̀ mì. Mo rò pé oòrùn ló ń pa mí lójú. Ẹnu Olóyè Fajúro fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Dúró-Ná ní, "Ó n... ó ní..." Òkú kò lè dúró mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín! Ó fò jókòó, ó ń fi ọwọ́ lu ẹní, ó ní, "Nínú ìkòkò! Ẹ gbà mí, nínú ìkòkò!" Ìgbà tí Ọ̀jẹ́làdé sọ ọ́ fún un ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láyé rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń mí láàárín ẹ̀rín, ni ẹ̀rín fi há a láyà láti ọjọ́ náà.

Ọba dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Tẹ̀tú ju idà sílẹ̀. Wọ́n tú Ọ̀jẹ́làdé, wọ́n yọ ìda lẹ́nu rẹ̀, ìda náà kò tíì tutù tí ọba fi ní kí wọ́n lọ fi dí Àrá-Ń-Sán lẹ́nu di ọjà ọ̀la. Ariwo sọ, ìlú ń jó. Dúró-Ná nìkan ló ṣì dúró níbi tó wà, ó ń lu ọ̀pá mọ́lẹ̀, inú ń bí i. "N... n kò tíì p... parí!" Ọba padà wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi etí sí i lẹ́nu, ó dúró títí Dúró-Ná fi sọ ìparí ìtàn náà fún un. Ọba ṣubú sẹ́yìn, ẹyẹ àkàlà fò kúrò lórí rẹ̀. Dúró-Ná wá nu ojú. Ó sọ fún mi pé, "Ọ... ọdẹ, ó di ò... òní kí ẹnikẹ́ni tó d... dúró dè mí." Mo dì mọ́ ọn.

Wọ́n di àgbálùmọ̀ kún apẹ̀rẹ̀ fún wa. Lójú ọ̀nà, mo ní, "Ọ̀jẹ́làdé, kí ni ọkùnrin náà wí nínú ìkòkò?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. N kò ní pa ẹlòmíràn." Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo fi ìbọn halẹ̀ mọ́ ọn. Kò sọ ọ́ di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a délé, Ọdẹ́bùnmi sáré pàdé wa, ó gbá ọkọ rẹ̀ mú, ó sunkún lé e láyà, ó sì wo inú apẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ṣé ẹ kò rí ọsàn níbẹ̀?"

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló mọ agbẹjọ́rò yàn, ẹ ní Ọdẹ́rántí ni. Láti ìgbà tí Dúró-Ná ti béèrè ohun tí ewúrẹ́ wí ni mo ti mọ̀ pé òun ni. Mo kàn ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Ẹ sì máa jẹ́ kí ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí ẹ tó dá a lóhùn. Ẹ má gé ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, orí ènìyàn lè wà nídìí ọ̀rọ̀ tó kù. Ó ti parí. Ó yá, Káríìmù, ọwọ́ rẹ ti pẹ́ lókè. Sọ tìrẹ. Mo jókòó, mo ń gbọ́, n kò ní já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ajá yín, Jẹ́nsinmi, ló gun ìjókòó lẹ́yìnkùlé nígbà tí ẹ wà lórí ọ̀rọ̀ ẹkùn. Ó ti jẹ ọ̀yà náà tán. Ó jẹ ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́nu-Púpọ̀, ó jẹ àyà nígbà tí ẹ ń yan agbẹjọ́rò. Ó ti sùn báyìí, ó fi àwo náà ṣe ìrọ̀rí."

Káríìmù! Kí ló dé tí o kò ti sọ ọ́ látàárọ̀?